Àwẹ̀ró àti Ìgbín Òkun

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ohùn yín nìyẹn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹun títí ikùn yín le kókó! Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi já bọ́ gbì, ó dá lórí Àwẹ̀ró, ìyàwó tí wọ́n fẹ́ láti inú igbó wá sí etí òkun.

Ìyá ọkọ Àwẹ̀ró fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni tó bí i. Ṣùgbọ́n ẹja ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, ẹja lọ́sàn-án, ẹja lálẹ́. Ìgbín igbó tí wọ́n ń jẹ nílé bàbá rẹ̀ ń wu Àwẹ̀ró jẹ, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, létí òkun, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé igbá omi fún un, ẹja ààyè ń jà nínú rẹ̀, pátápìtì, pátápìtì. Ó ní, "Ìyàwó mi, máa gbé e lọ sílé." Àwẹ̀ró pọn Orímisan, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ó ń lọ. Kí ló rí lórí iyanrìn? Ìgbín! Ìkarahun rẹ̀ ń dán, ó kún fún ọnà. Bó ṣe nawọ́ ni ìgbín bẹ̀rẹ̀ orin:

Àwẹ̀ró, dá mi sí o,
*Wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́ lomi ń lọ.*
Ìgbín igbó kọ́ ni mí o,
*Wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́ lomi ń lọ.*
Oró ń bẹ lẹ́nu mi o,
*Wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́ lomi ń lọ.*

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín kèékèé. "Ta ni wọ́n fẹ́ sè tí kò ní bẹ̀bẹ̀? Ìgbín wo ló ń jani?" Ó jù ú sínú igbá, tó!

Ó rìn díẹ̀, ìgbín tún kọrin. (Ẹ gbè é o, ẹ má jẹ́ kó dá a kọ!) Àwẹ̀ró ní, "Máa kọ ọ́ lọ, ata ló kù tí n ó lọ̀."

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sábẹ́ igi àgbọn, ó sọ ọmọ kalẹ̀. Orímisan rákòrò lọ sídìí igbá. Ìgbín kọrin lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí ni ọmọ ọwọ́ mọ̀ nínú orin? Ó ki ọwọ́ bọ omi. Ìgbín wo ọwọ́ rọ̀bọ̀tọ̀ yẹn, àánú ọmọ ṣe é. Ó yí ẹnu sí ẹja, ó ta á, fíà! Ẹja gan pa. Kò jà mọ́.

Àyà Àwẹ̀ró já. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó bú sẹ́kún. "Ìgbín, o ṣeun o! Òun nìkan ni mo ní!" Ó gbé igbá padà sétí omi, ó da ìgbín sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó gbá tìyá tọmọ mọ́ra. "Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìyàwó mi, ìgbín ń wù ọ́ jẹ, o ò sì lè sọ fún mi?" Lọ́jọ́ kejì, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ìrìn títí dé igbó, ó ra ìgbín wá fún un.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá dé ibi tí kò mọ̀, kó béèrè kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Ohun tó bá sì ń wù yín, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn yín. Ààlọ́ mi gúnlẹ̀ sí èbúté. Bí mo bá purọ́, kí ẹja tí mo jẹ lálẹ́ yìí máa jà nínú mi, pátápìtì, pátápìtì.