Ìyá Òkété Tó Da Odidi Ìkòkò Oyin Nù

Ta ló ní kò ṣeé ṣe? Móríyìkẹ́, jókòó, kí n dá ọ lóhùn. O ní òkété ò lè dáná, pé ẹranko lásán ni. Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ lè dáná? Ẹ̀wà tó o sè lánàá, ṣebí èédú la jẹ! Òkété tí mò ń wí yìí, yàrá méjìdínlógún ló wà nínú ihò rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn débi pé òun ló fi ń gbálẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ o. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ta gììrì, ó kó sínú ihò, ó bá Ìyá Òkété níbi tó ti ń to igi.

Òjò ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni, Ìyá Òkété ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi amọ̀ dí gbogbo ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ó sá ẹní àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sóòrùn, ó gbọn eruku ara wọn, gbà! gbà! gbà! Ó to igi ìdáná títí igi fi ń gún ọ̀run nídìí. Ó wá òrí tí wọn yóò máa fi pa imú àti ẹsẹ̀. Ó se omi efinrin, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó da oyin lé e, ó kún ìkòkò ńlá dẹ́múdẹ́mú. Ó wá gé igbá kéékèèké, ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

Ẹ̀rín ni àwọn ẹranko ń fi í rín. Ọ̀yà aládùúgbò rẹ̀ ni olórí wọn, ọ̀lẹ tó ń sùn nínú koríko, tó ní ọ̀fun bí ọ̀nà oko.

"Ìyá Òkété, ta ló ń lé yín?"

"Ọyẹ́ ń bọ̀."

"Ọyẹ́ tí kò tíì jí nílé rẹ̀! Igbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yìí wá ńkọ́? Ṣé ọmọ ìyá kan náà ò gbọdọ̀ fi igbá kan mumi mọ́ ni? Ahun yín ti pọ̀ jù!"

"Fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ahun mi. Ìwọ náà lọ wá igi."

"Ó dọ̀la."

Ọ̀la dé, ó ní ó dọ̀la. Ọ̀tunla dé, ó tún ní ó dọ̀la.

Ọyẹ́ bá dé lóòótọ́. Hùùùù! Ẹ̀yin ọmọ, ọyẹ́ yẹn le! Ètè odò là, ẹ̀jẹ̀ ń yọ níbẹ̀. Àkùkọ tí kò ní ètè rárá, ètè tirẹ̀ náà là! Ọ̀fìnkìn wá mú Ọ̀yà, imú rẹ̀ ń ṣàn wàràwàrà. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Òkété, ó forin sẹ́nu. Ẹ gbè é o! Ẹ sín dáadáa, kẹ́ ẹ sì fi apá bo imú:

Ìyá Òkété, ṣílẹ̀kùn o!
*Hà-tíṣọ́ọ̀!*
Òtútù ń pa aládùúgbò o!
*Hà-tíṣọ́ọ̀!*
Oyin inú ìkòkò ńkọ́ o?
*Hà-tíṣọ́ọ̀!*
A kì í fomi du àlejò o!
*Hà-tíṣọ́ọ̀!*

Ẹ rí i bó ṣe gbọ́n? Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá lé òun, àbùkù ni, gbogbo igbó á gbọ́. Ìyá Òkété náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́fà ń bẹ nínú ilé, àbíkẹ́yìn wọn ò tíì ju àtàǹpàkò lọ. Bí ọ̀fìnkìn bá wọ àyà ìyẹn, a ò mọ ibi tó máa já sí.

Ó ṣílẹ̀kùn.

"Káàbọ̀, Ọ̀yà. Dúró síbẹ̀ yẹn. Yàrá ẹnu ọ̀nà yìí ni tìrẹ. Iná rẹ rèé, ẹní rẹ rèé, igbá rẹ náà rèé."

Ó bu omi oyin fún un lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́. Ọ̀yà gbé e mì, gbù, gbù, gbù. Ó dùn dé eegun! Ló bá ń rò ó pé, "Bí ti àlejò bá dùn tó báyìí, ti onílé á ti rí? Ìyá yìí ti fi ojúlówó pamọ́ fún mi."

Bí Ìyá Òkété ṣe lọ fún àwọn ọmọ lóúnjẹ báyìí, Ọ̀yà yọ́ wọlé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ti orí bọ ìkòkò ńlá. Ó ń mu ún lọ ni imú bá yún un.

HÀ-TÍṢỌ́Ọ̀!

Ìkòkò dún gbọ̀ọ̀ọ̀ bí ààrá. Gbogbo ilé sáré jáde. Àbíkẹ́yìn na igbá rẹ̀ sókè: "Màámi, òùngbẹ ń gbẹ mí."

Ìyá Òkété wo ìkòkò. Nígbà tó lọ wá oyin yẹn nínú igbó, kòkòrò oyin ta á títí ojú rẹ̀ fi wú bí àkàrà. Ó wo ọmọ. Ó gbé ìkòkò, ó jáde, ó dà á nù, wàààà!

Ọ̀yà figbe ta. "Ìyá! Odidi ìkòkò, nítorí imú kan?"

"Imú mẹ́fà tó kù ni mò ń wò."

"Ẹ ṣeun! Kí ni wọ́n á wá mu báyìí?"

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti rí òkété tó gbẹ́ ihò kan ṣoṣo rí? Kí ọdẹ máa ṣọ́ iwájú, òun ti gba ẹ̀yìn lọ. Bó ṣe ń ṣe ihò náà ló ṣe ń ṣe ìkòkò! Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó gbé ìkòkò kejì jáde, ó bu ti àbíkẹ́yìn fún un. Ó sì tún bu ti Ọ̀yà sínú igbá Ọ̀yà, kò bú u. Ojú ti Ọ̀yà débi pé ó gbàgbé láti sín.

Ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde síta, ara wọn ń dán, kò sí ẹni tó húkọ́ láàárín wọn. Ọ̀yà tí ara rẹ̀ ti yá ló wá ń sáré ká inú igbó: "Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń múra de ọyẹ́ nílé Ìyá Òkété! Èmi ni mo kọ́ ìyá náà!" Ẹ ò rí i bí?

Ibẹ̀ ni mo ti fi wọ́n sílẹ̀, tí mo padà wálé wá bá yín. Ohun tó kọ́ wa ni pé kí ọyẹ́ tó dé là ń tún ilé ṣe. Ẹni tí ọ̀fìnkìn bá sì ń ṣe, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, àmọ́ kí igbá rẹ̀ dá wà. Ọmọ tó bá sì... Ọlágòkè, kí lo gbé pamọ́ sẹ́yìn yẹn? Iṣu sísun kọ́ nìyẹn? Gé e sí méjì. Gbé èyí tó tóbi wá!