Katakata Tó Fa Ara Rẹ̀ Jáde

Ẹ wá gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń pe irin àtijọ́ ní pàǹtí! Olóyè Láṣebìkan ta katakata kékeré kan tó ti dípẹtà nínú ẹrẹ̀ oko rẹ̀ fún Àwẹ̀ró tó ń gbin ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé Àwẹ̀ró ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, ojúkòkòrò mú un. Ó ní, “Bí kò bá kúrò lóko mi kí oòrùn tó wọ̀, ó di tèmi. Èèyàn kò gbọdọ̀ tì í, ẹranko àti ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ fà á!” Bẹ́ẹ̀ táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹrà tán, irin wọn nìkan ló kù. Àwẹ̀ró ní, “Ó dáa, Bàbá.” Ó so okùn líle mọ́ irin ẹ̀yìn méjèèjì, ó na okùn náà kọjá pèrègún tí wọ́n fi pa ààlà, ó dè é mọ́ ìdí ìrókò tó wà lóde. Ó ki ọ̀pá irin bọ imú ẹ́ńjìnnì, ó yí i. Gbì-gbì-gbì! Èéfín sọ! Bí irin ẹ̀yìn ti ń yí ló ń ká okùn mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni katakata ń wọ́ ara rẹ̀ lọ bí ìgbín tó ń gun igi, títí ó fi kọjá pèrègún kí oòrùn tó wọ̀. Ariwo ayọ̀ sọ lẹ́nu àwọn tó ń wòran! Olóyè fi ìbínú wọ mọ́tò tó gbé wá sóko, ó tẹná mọ́ ọn, ni táyà bá rì sínú ẹrẹ̀ yẹn kan náà. Ó ké, “Ẹ wá bá mi tì í o!” Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó na okùn sí i: “Bàbá, ẹ ní èèyàn kò gbọdọ̀ tì í.”