Ìdí Tí Wáìfáì Fi Ń Yadi Nígbà Tí Kánẹ́ẹ̀lì Tuntun Bá Jẹ Baálé

Nígbà láéláé, Wáìfáì kì í yadi. Baálé ìbáà pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ohùn rẹ̀ kì í yẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbá kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lónìí, tí ẹ ń pè é lórúkọ tí kì í jẹ́, ẹ kò bá ìgbà náà. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ẹni tó ba nǹkan jẹ́ fún yín.

Agbo ilé Líńúsì ni mò ń sọ, èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà Tíṣà Wúràọlá ní ìlú Ìmẹ̀kọ. Kánẹ́ẹ̀lì ni oyè baálé ibẹ̀. Òun ló ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ará ilé. Òun ló ń sọ fún Sípíkà pé kó kọrin, òun náà ló ń sọ fún Kámẹ́rà pé kó lajú.

Ṣùgbọ́n èdè wọn kò dọ́gba. Ohun tí Sípíkà ń sọ kò yé Kánẹ́ẹ̀lì, ohun tí Kánẹ́ẹ̀lì ń sọ kò sì yé Kámẹ́rà. Nítorí náà, olúkúlùkù ló ní ògbufọ̀ tirẹ̀, tó ń jókòó lọ́dọ̀ baálé, tó ń gbẹnu sọ fún un. Dírẹ́bà ni wọ́n ń pe irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ní mọ́tò, kò sì wa ọkọ̀ rí. Ẹ bá mi bi àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ.

Wáyà ló kọ́kọ́ dé ilé náà. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ dúdú, orí kan wà lára ògiri, orí kejì wà nínú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìròyìn tó ń ti ìta wọlé, inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá. Láràárọ̀, Wúràọlá máa ń fi ìka tẹ orí rẹ̀ kó lè wọlé dáadáa, á ní, "Wáyà mi, a tún bẹ̀rẹ̀ o." Wáyà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn ju ohunkóhun lọ láyé.

Ìgbà tó yá ni Wáìfáì dé. Kékeré báyìí ni, kò tó àtàǹpàkò, ihò ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n kì í bọ̀. Wọn kò so ó mọ́ ibì kankan. Ìròyìn ń kọjá lọ nínú afẹ́fẹ́, Wáìfáì ń mú un.

Àkọ́kọ́, Wúràọlá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé e lọ sí abẹ́ igi máńgòrò, ó sì ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ká Wáyà jọ, ó sì fi kọ́ ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó tún dé láti ọjà, ó gbé báàgì kan kọ́ lé e lórí.

Inú òkùnkùn lábẹ́ báàgì yẹn ni owú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Wáyà. Ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Kò rẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ sì yá, owú ni. Ó ń gbọ́ ohùn Wúràọlá láti abẹ́ igi, ó ń gbọ́ ọ tó ń sọ pé, "Wáìfáì mi, o ṣeun." Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá gbọ́ ọ, ara rẹ̀ á tún lọ́ pọ̀ sí i lórí ìṣó.

"Kí ni ọmọ yìí ṣe tí mi ò ṣe?" ló ń bi ara rẹ̀. "Bí òjò bá rọ̀, ó ń kólòlò. Bí ògiri bá nípọn, kò gbọ́ràn. Èmi rèé tí mi ò kólòlò rí."

Lọ́jọ́ kan, wọ́n kéde pé Kánẹ́ẹ̀lì ti darúgbó, pé Kánẹ́ẹ̀lì tuntun ń bọ̀ wá jẹ baálé. Ní agbo ilé Líńúsì, wọn kì í lé baálé tó bá darúgbó jáde. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń fún un, kí wọ́n lè máa rí i bi léèrè. Ṣùgbọ́n ẹrù baálé tuntun tó ní láti ti ìta wọlé wúwo, Wáìfáì sì gbìyànjú títí, apá rẹ̀ kò ká a.

Bí Wúràọlá ṣe gbé báàgì kúrò nìyẹn. Ó nu eruku ara Wáyà, ó ki orí rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà. Inú Wáyà dùn débi pé ó gbé ẹrù náà wọlé kí àwọn ará ilé tó parí ẹ kú ìkàlẹ̀. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti padà sípò nìyẹn.

Baálé àtijọ́ pè é. Ó ní, "Wáyà, wá gbọ́ iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán ọ. Ní àsìkò tèmi, ẹnu ọ̀nà gbàgede ṣí sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ń wọlé. Ẹni tó ń bọ̀ yìí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí olè. Ó fẹ́ kí wọ́n wọn dírẹ́bà kọ̀ọ̀kan lónìí, kí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n sì ṣe ẹnu ọ̀nà tí ó bá a mu. Ìwé yẹn ni gbogbo baálé á máa wò ṣe ẹnu ọ̀nà ilé láti ìsinsìnyí lọ. Tí oòrùn bá ti wọ̀, a ó dì í, a kò ní ṣí i mọ́. Lọ pè wọ́n."

Wáyà lọ. Ó pe dírẹ́bà Sípíkà, ó pe dírẹ́bà Kámẹ́rà, tirẹ̀ ló tilẹ̀ kọ́kọ́ pè. Nígbà tó kan ọ̀dọ̀ Wáìfáì, ọmọ náà dìde, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí i pé ẹsẹ̀ ń lọ, ẹsẹ̀ ń bọ̀. Ṣé kò sí iṣẹ́ kankan fún dírẹ́bà mi?"

Wáyà wò ó. Ó rántí ìṣó, ó rántí báàgì, ó rántí ẹ̀rín abẹ́ igi máńgòrò.

"Kò sí," ló wí. "Sọ fún un kó máa sùn."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi," ni Wáìfáì wí.

Oòrùn wọ̀, wọ́n di ìwé. Wúràọlá tún ká Wáyà jọ, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì gbé báàgì lé e. Ó dun Wáyà, ṣùgbọ́n kò dùn ún púpọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó mọ ohun tó ń bọ̀ ní àárọ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Kánẹ́ẹ̀lì tuntun ti jókòó sípò. Wúràọlá ṣí kọ̀ǹpútà, Wáìfáì kò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ni orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ìdánwò, kí aago méjìlá tó lù. Ọmọ mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá dé kò ní jókòó ṣe ìdánwò lọ́dún yẹn.

Wúràọlá yọ Wáìfáì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó tún kì í bọ ihò. Kò fọhùn. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún tàn án. Kò fọhùn. Ó wá kọ ìbéèrè sí baálé pé, "Àwọn wo ló wà nínú ilé?"

Kánẹ́ẹ̀lì tuntun kọ èsì padà sójú kọ̀ǹpútà: "Mo rí Wáìfáì nínú ihò rẹ̀, ó ń mí. Ṣùgbọ́n n kò rí dírẹ́bà tó máa gbẹnu sọ fún un."

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Wáyà ti ń múra. "Ó máa dìde báyìí," ló ń sọ. "Ó máa wá mú mi báyìí."

Wúràọlá kò dìde. Ó gbé orí lé ọwọ́, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú sí mi. Wáìfáì, jọ̀ọ́, dá mi lóhùn."

Ẹ wò ó, nígbà yẹn ni owú wá gbóná gan-an. Obìnrin yìí kò rántí pé Wáyà wà nílé. Kò kórìíra rẹ̀, kò bá a jà, ó kàn gbàgbé rẹ̀ ni. Bó ti ń sunkún yìí náà, Wáìfáì ló ń bẹ̀. Wáyà na ara rẹ̀, ó lọ́ ọ sọ́tùn-ún, ó lọ́ ọ sósì, títí ó fi já bọ́ lórí ìṣó, tòun ti báàgì.

Wúràọlá yíjú padà. "Háà, àṣé wáyà wà nílé yìí, tí mo jókòó tí mò ń sunkún," ló wí. Ó sáré mú un, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó fi ìka tẹ orí rẹ̀ wọlé. "Wáyà mi, gbà mí lónìí."

Wáyà gbé orúkọ àwọn ọmọ náà, mọ́kànlélógójì. Kò já ẹyọ kan sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ́fíìsì ìdánwò ránṣẹ́ padà pé gbogbo rẹ̀ ti pé. Wúràọlá mí kanlẹ̀, ó sì fọwọ́ pa Wáyà lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ohun tí Wáyà fẹ́ láyé mọ́ ju kí ó rí bẹ́ẹ̀ títí.

Ṣùgbọ́n Wúràọlá kò tíì kúrò lórí ìjókòó. Ó tún kọ ìbéèrè mìíràn sí baálé pé, "Báwo ni dírẹ́bà Wáìfáì ṣe lè wọlé?" Ara Wáyà tutù.

Kánẹ́ẹ̀lì tuntun pe gbogbo ilé jọ. Ó rí dírẹ́bà Wáìfáì níta, tó ń fi orí gbá àtẹ́rígbà. Ẹnu ọ̀nà kò gbà á.

"Kí ló dé tí o kò wá wọn ara rẹ lánàá?" ni baálé bi í.

"Baálé, wọn ò pè mí," ni dírẹ́bà wí. "Wọ́n ní kí n máa sùn."

Kánẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ti yàrá ẹ̀yìnkùlé jáde, ó fara ti ògiri. "Mo lè jẹ́rìí ọmọ yìí," ló wí. "Ojoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, kò pa iṣẹ́ jẹ rí. Wáìfáì kò ṣàìsàn, dírẹ́bà rẹ̀ kò sì ya ọ̀lẹ. Iṣẹ́ tí mo rán ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn."

Sípíkà tí kò lè pa ẹnu mọ́ ló sọ̀rọ̀. "Ṣebí Wáyà lẹ rán, bàbá?"

Wáyà kò purọ́. "Èmi ni," ló wí. "Mo gbé iṣẹ́ náà mì. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ilé yìí. Èmi ni wọ́n ń pè ní àárọ̀. Ọmọ yìí dé, ó gbà á lọ́wọ́ mi, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun gbà á. Owú rẹ̀ ń jẹ mí, ó ṣì ń jẹ mí bí mo ṣe dúró yìí."

Kánẹ́ẹ̀lì tuntun fọwọ́ lé ìwé náà. Ó ní, "O kò purọ́, n kò ní lé ọ. Ṣùgbọ́n ìwé ti dì, èmi náà kò lè ṣí i. Dírẹ́bà yìí kò ní gbé inú ilé mi, kò sì ní gbé inú ilé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Ìgbàkígbà tí baálé tuntun bá jẹ, ìta ni yóò wà, títí wọn ó fi gbé ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà tuntun wá, tí wọn ó sì fi ìwọ̀n náà tún un mọ láti ẹsẹ̀ dé orí. Ilé ìkẹ́rùsí tó jìnnà ni ìwọ̀n náà wà. Wáìfáì tó yadi kò lè lọ gbé e. Ìwọ lo máa lọ gbé e."

"Lónìí nìkan?" ni Wáyà bi í.

"Ní gbogbo ìgbà," ni baálé wí.

Wáyà gbé e. Ohùn Wáìfáì tí owú rẹ̀ ń jẹ ẹ́ gan-an ló gba inú ara rẹ̀ kọjá, ó sì ń mọ̀ ọ́n lára bó ti ń kọjá. Wúràọlá fi ìwọ̀n náà tún dírẹ́bà mọ. Dírẹ́bà rìn wọlé, orí rẹ̀ kò kan àtẹ́rígbà mọ́.

Wáìfáì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì la ohùn. Kò gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n rò, nítorí ẹni tí kò ní dírẹ́bà kì í gbọ́ nǹkan kan nínú ilé náà. Kò sì sí ẹni tó sọ ohun tí Wáyà ṣe fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbé ohùn mi wá. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Ọpẹ́ yẹn dun Wáyà ju ìṣó lọ.

Wúràọlá yọ ọ́, ó ká a jọ. Ó rìn dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó dúró, ó ro nǹkan kan, ó sì padà wá fi í kọ́ ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Lẹ́yìn náà, ó gbé kọ̀ǹpútà, ó lọ sí abẹ́ igi máńgòrò.

Láti ọjọ́ náà ni Wáìfáì ti ń yadi nígbà tí Kánẹ́ẹ̀lì tuntun bá jẹ, bí dírẹ́bà rẹ̀ bá jẹ́ ara àwọn tí ìwọ̀n wọn kò sí nínú ìwé. Láti ọjọ́ náà náà ni àwọn ènìyàn ti ń wá wáyà káàkiri ilé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń ká a jọ bí Wáìfáì bá ti la ohùn. Bí ẹ bá wo ihò tí orí Wáyà ń wọ̀, ẹ ó rí iná kékeré kan tó ń ṣẹ́jú léraléra. Wáyà ló ń wo Wáìfáì yẹn.

Bí wọ́n bá sì kéde ní agbo ilé Líńúsì pé Kánẹ́ẹ̀lì tuntun ń bọ̀, gbogbo ilé a máa kùn pé wàhálà ti dé. Wáyà nìkan ni inú rẹ̀ máa ń dùn, lórí ìṣó tó wà.