Ohun Tí Òbúkọ Ní Òun Mọ̀

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi balẹ̀ gbì, ó dìde, ó lọ fa Òbúkọ ní irùngbọ̀n.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Inú ń bí mi. Nílé ọ̀fọ̀ tí mo ti ń bọ̀ yìí, ọkùnrin kan jókòó, ó ń ṣàlàyé ìdí tí Ọlọ́run fi mú ọmọ ọlọ́mọ lọ. Ojú ò tilẹ̀ tì í!

— Màmá, ṣé ẹ bá a wí?

Ẹ jẹ́ n pa àlọ́ mi.

Ní ìgbà kan rí, èèyàn àti ẹranko jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Òbúkọ ni olórí ìjọ. Kí ni wọ́n rí lára rẹ̀? Irùngbọ̀n! Kò sí ìbéèrè tí kì í dáhùn. Bí òjò ò bá rọ̀, ó mọ ẹni tó dẹ́ṣẹ̀. Bí ilé ẹnìkan bá jó, ó mọ ohun tí Ọlọ́run ń bá onítọ̀hún wí.

Àgùntàn náà wà nínú ìjọ ọ̀hún. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, "mi ò mọ̀" ló máa ń sọ. Wọ́n á fi í ṣẹlẹ́yà, wọ́n á ní òpè ni.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Adépèlé. Ó bí ìbejì. Nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́ta, Táíwò sùn, kò jí mọ́.

— Háà! Ó mà ṣe o!

Òbúkọ dé. Kò kí i kú àrafẹ́rakù. Ó gbọn irùngbọ̀n.

"Adépèlé, Ọlọ́run ti fi hàn mí. Ìráhùn rẹ ló pa ọmọ yìí. O ráhùn nígbà tí o wà nínú oyún, ìráhùn náà sì ti wọ inú ọmú rẹ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wàá fi gbààwẹ̀. Kẹ́hìndé ò gbọdọ̀ fẹnu kan ọmú náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò bá èkejì rẹ̀ lọ."

Ọmọ oṣù mẹ́ta! Ta ló rán an?

— Ẹnìkan ò rán an!

Adépèlé gbà. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kò sí ohun tí kò lè gbà gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Kẹ́hìndé ti ké títí, ohùn rẹ̀ ti há. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, kò lè ké mọ́.

Ni Àgùntàn bá wọlé. Ó gbé ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná dání, ó fi ìdérí dé e. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́fọ̀, ó sunkún.

"Àgùntàn, kí ló dé tí Ọlọ́run fi ṣe mí báyìí?"

"Mi ò mọ̀, ìyá mi. Mi ò mọ̀ rárá. Àwámárìídìí ni Ọlọ́run tí à ń sìn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ebi ń pa ọmọ yìí."

Ó bá fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Ọmọ sùn, kò jí mọ́ —
— Ọlọ́run ló mọ̀.
Mo wádìí, n ò rídìí —
— Ọlọ́run ló mọ̀.
Ẹkún ni mo bá ọ sun —
— Ọlọ́run ló mọ̀.

Wọn ò tíì kọrin tán tí Òbúkọ fi já wọlé.

"Ta ló ní kí o gbé oúnjẹ wá? Òpè! Kí lo mọ̀ nípa Ọlọ́run?"

Adépèlé dìde. Ìbínú ló gbé e dìde.

"Bàbá, kí ló wà nínú ìkòkò yẹn?"

Òbúkọ wo ìkòkò. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ẹ̀wà ni."

Adépèlé ṣí i. Ẹ̀kọ!

"Ohun tó wà lábẹ́ ìdérí níwájú yín, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Èyí tó wà nínú Ọlọ́run lẹ wá mọ̀? Ẹ fẹ́ fi àìmọ̀ yín pa èyí tó kù mí kù! Ẹ jáde nílé mi!"

Ẹnu Òbúkọ ń lọ wuye-wuye, ọ̀rọ̀ kan ò jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu òbúkọ ń ṣe títí dòní.

Adépèlé mu ẹ̀kọ, ó gbé Kẹ́hìndé sáyà. Ọmọ ò mu. Ó tún fi ọmú sí i lẹ́nu. Kò mu. Ó dẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ fà á.

— Ó yè!

Ó yè. Ṣùgbọ́n Táíwò ò padà wá. Adépèlé sin Ọlọ́run títí ó fi darúgbó, kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àlọ́ mi nìyí: ẹni tó bá ń sin Ọlọ́run, kó mọ ibi tí òye rẹ̀ mọ. Bí ẹ bá dé ilé ọ̀fọ̀, ẹ má ṣe agbẹnusọ Ọlọ́run níbi tí kò ti rán yín. Ẹ gbé oúnjẹ dání. Ẹ jókòó. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ẹ ò mọ̀.

Ibi tí àlọ́ mi já sí rèé. Bí mo bá fi ohun tí n ò mọ̀ kún un, kí agogo ẹnu mi yadi. Bí n ò bá fi kún un, kó ró kí gbogbo agbolé gbọ́.

— Pó! Pó! Pó!

Ó ró. Ẹ dìde, ẹ lọ sùn.