Bí Mo Ṣe Di Ẹsẹ̀ Akínṣòwọ́n Mú Nínú Ibú Ọlọ́gbun

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń wò mí bí ẹyẹlé ti í wo ẹni tó mú ọkà dání, mo kí yín kú ìjókòó. Èmi Ọdẹ́jàyí, ọdẹ Ìpákodò, fẹ́ bi yín: kí ni a ti mọ̀ nípa èémí? A mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni, a sì mọ̀ pé ẹni tó bá rì kì í rí i mí. Ó dára. Ìyókù, ọ̀nì arúgbó kan ló kọ́ mi.

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ àṣẹ mi, erinmi kan tí Akínṣòwọ́n, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ta lọ́fà fi ìbínú wọ́ ọ lọ sí ìsàlẹ̀ Ibú Ọlọ́gbun. Mo ń sunkún létí omi nígbà tí ọ̀nì náà yọ orí, ó kí mi kú ìrọ́jú, ó sì ní ọ̀rẹ́ mi wà láàyè nínú ihò àpáta tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí. Ó gbé akèrègbè méjì fún mi, pẹ̀lú ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí a ó fi máa fa èémí inú wọn.

“Ọmọ mi,” ó ní, “má mí afẹ́fẹ́ ilé, irú èyí tí à ń mí yìí, ní ìsàlẹ̀ yẹn; a máa pa ènìyàn bí ẹmu. Akèrègbè tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ yìí ni ti ìsàlẹ̀. Èkejì, tí tirẹ̀ le, ni ti ìtòsí òkè; bí o bá fà á nísàlẹ̀, gìrì yóò gbé ọ. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ dúró níbi gbogbo tí mo so màrìwò mọ́ lára okùn tí mo ta sínú ibú, kí ẹ má kúrò títí n ó fi mi màrìwò náà. Ìdúró tó kángun sí òkè ni yóò pẹ́ jù. Ṣé o ti ṣí akèrègbè ẹmu lójijì rí?”

Mo ní ó hó dà sí mi láyà.

“Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ yín yóò hó bí ẹ bá kánjú gòkè, nítorí omi ti ki afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́.”

Ó mú mi tún un sọ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, mo sì wọ omi. Nígbà tí mo kí Akínṣòwọ́n nínú ihò náà, afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ ti sọ ohùn mi di ti òròmọdìẹ. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá àṣá ló ń lé mi. Ẹ̀rín yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ títí di òní.

A ń gòkè, a ń dúró. Níbi màrìwò ìkẹyìn, tí a ti pààrọ̀ sí akèrègbè kejì, a gbọ́ ìrèmọ̀jé lókè: àwọn ọdẹ ń sun ẹkún òkú Akínṣòwọ́n. Ní ìlú wa, bí wọ́n bá parí rẹ̀, orúkọ rẹ ti kúrò láàrin ọdẹ, ì báà jẹ́ pé o padà wá. Ọ̀rẹ́ mi fò sókè bí ìgalà. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

“Ìwọ kọ́ ni wọ́n ń sun,” ó ní.

“Akínṣòwọ́n, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ sàn ju kí wọ́n yọ òkú rẹ lọ.”

Ó padà sísàlẹ̀, ó sì rọ̀ mọ́ màrìwò. A gbọ́ ìrèmọ̀jé náà títí ó fi parí. Ìgbà yẹn ni ọ̀nì tó wá mi màrìwò.

Nígbà tí a yọ sókè, àwọn ọdẹ dì mọ́ Akínṣòwọ́n, ṣùgbọ́n àṣà ni àṣà: ẹ̀yìn àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni ó ti tún bẹ̀rẹ̀, tó ń gbé àpò oúnjẹ fún ẹni tó tó bí lọ́mọ. Ó fi ṣe ẹ̀rín títí ó fi darúgbó. Nígbà tó lọ ní tòótọ́, èmi ni mo sun ìrèmọ̀jé rẹ̀, mo sì fà á gùn gan-an, bóyá ó ṣì ń dúró níbì kan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe wíwọ inú ibú ni ó ń pa akọni, ìkánjú àtigòkè ni. Ó dìgbóṣe o. Bí ẹ bá délé, ẹ wá akèrègbè ẹmu tí a dé pa, ẹ fi ìka sí èdídí rẹ̀, kí ẹ rọra tú u díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sí i.