Bí Paramọ́lẹ̀ Aṣálẹ̀ Ṣe Di Oníwo

Àìrí ọmọ gbé jó ni Paramọ́lẹ̀ ń sunkún ní ilẹ̀ aṣálẹ̀. Kì í ṣe pé àgàn ni. Ó ń yé ẹyin sínú iyanrìn, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pa, ràkúnmí àwọn oníyọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá á ti tẹ̀ wọ́n fọ́. Àwọ̀ rẹ̀ àti ti iyanrìn ò yàtọ̀. Bó bá dùbúlẹ̀ ti ẹyin rẹ̀, ta ni yóò rí i? Ó lóró lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó bu ràkúnmí ṣán, ẹyin á ti di omi. Nígbà tó tún kù díẹ̀ kó yé òmíràn, ẹ̀rù bà á. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Abaradídán, tí ìṣòro kan náà ń bá fínra, gba ọ̀dọ̀ Fẹ̀sọ̀tẹ̀ lọ, arúgbó tó ń tẹ yanrìn lẹ́bàá kànga.

Arúgbó náà fi ìka tẹ yanrìn, ó wò ó títí.

“Ire ọmọ ni mo rí,” ó ní. “Ẹ rúbọ. Ẹ mú ẹ̀gún méjì-méjì wá, kí n gún un sókè ojú yín, pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn gbígbẹ tí n ó fi ha yín lára. Kí ẹ sì fi ìrìn gbọọrọ yín kún un. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ máa fi rìn. Bí ẹ bá gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ ké kí ẹ tó ṣán.”

Abaradídán bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, ọdẹ wo ní í kígbe kó tó ta ọfà? Èmi kọ́ lẹ ó gún ẹ̀gún mọ́ lójú!” Ó wọ́ lọ sílé.

Paramọ́lẹ̀ ò lè lọ. Ìrìn gbọọrọ tó fẹ́ fi sílẹ̀ yẹn dùn ún, torí òun náà mọ̀ pé ó yẹ òun.

“Ìyá, ṣé ebi ò ní pa mí?”

“Bó o bá ń dọdẹ oúnjẹ, dákẹ́. Ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, tí kò mọ̀ pé o wà níbẹ̀, ké sí i. Oró rẹ ò lè so ẹyin tó fọ́ pọ̀.”

Ó rú u. Fẹ̀sọ̀tẹ̀ gún ẹ̀gún náà sókè ojú rẹ̀, wọ́n di ìwo. Ó fi kàn-ìn-kàn-ìn ha á lára, ìpẹ́ rẹ̀ di gbágungbàgun. Paramọ́lẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ, ó yé ẹyin, ó sì ri ara mọ́ iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ojú àti ìwo nìkan ló kù lókè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì: àwọn oníyọ̀ ń bọ̀. Àyà Paramọ́lẹ̀ já, ṣùgbọ́n kò ṣán. Ó ká kò, ó ń fi ìpẹ́ ha ìpẹ́: ṣààà! Ràkúnmí tó ṣíwájú ta gìrì, ó gbẹ́sẹ̀ sókè, kò lè sọ ọ́ kalẹ̀.

“Ejò oníwo nìyẹn! Ẹ yà fún un o!” ni ẹni tó ń dà wọ́n kígbe.

Gbogbo wọn yà. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Paramọ́lẹ̀ wo ẹyin rẹ̀, gbogbo wọn pé. Ara tù ú pẹ̀sẹ̀.

Ibi tí wọ́n yà sí, ibẹ̀ ni Abaradídán dákẹ́ sí pẹ̀lú ẹyin tirẹ̀. Ràkúnmí tẹ ẹyin náà fọ́ pátá.

Ẹyin Paramọ́lẹ̀ pa, àwọn ọmọ jáde tìwotìwo, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn kiri. Ejò ò lẹ́sẹ̀, gbogbo ara ló fi jó, ó ń yin Fẹ̀sọ̀tẹ̀. Ẹni tó gba ẹbọ gbọ́ ló ń sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó fi ẹbọ rẹ́rìn-ín dúró lẹ́nu ọ̀nà àbúrò rẹ̀, ó rọra ń sọ pé, “Ẹ kú ewu ọmọ.”