Tanwíji Tí Ń Ṣọ́ Omi

Ọkùnrin kan wà ní etí ìlú, ahunṣọ ni, tí kò fọkàn tán aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pèrègún ààlà ló dá a sílẹ̀. Ahunṣọ ní aládùúgbò ti sún pèrègún wọ ilẹ̀ òun. Aládùúgbò ní òun kò mọ̀ pé pèrègún ń rìn. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti kí ara wọn mọ́.

Ahunṣọ ní kòtò omi òjò kan ní ẹ̀yìnkùlé, tí ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ dáadáa. Níbẹ̀ ni gbogbo ilé ti ń bu omi. Ẹ̀rù wá ń bà á pé aládùúgbò lè yọ́ wá da májèlé sí i. Ó ṣí ìdérí kòtò náà kúrò, kí ó lè máa rí inú omi nígbàkúgbà. Láìpẹ́, tanwíji yọ nínú rẹ̀, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ń ká, tí ń nà lójú omi. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gbọ́n wọn dànù. Ó kọ̀. Ó ní àwọn gan-an ni olùṣọ́ òun.

“Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń ta, omi wa dára,” ni ó wí. “Ọjọ́ tí a bá jí tí wọ́n ti kú, a jẹ́ pé ọkùnrin yẹn ti débẹ̀.”

Má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà gbọ́n. Ó kàn jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni ọgbọ́n rẹ̀ kọjú sí. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ sẹ́ omi kí ó tó sè é.

Nígbà tó yá, ibà dá aládùúgbò wó. Ìyàwó ahunṣọ ní kí àwọn lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ahunṣọ ní ibà ẹni tó ń sún ààlà kò kan òun. Kí a má purọ́, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Àwẹ̀ró, àbíkẹ́yìn ahunṣọ, ọmọ ọdún mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ara rẹ̀ gbóná janjan. Gbogbo ohun tó jẹ ló ń bì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò lè gbé orí mọ́. Ahunṣọ sáré wo inú kòtò: tanwíji ń ta. Síbẹ̀, ó ní wọ́n ti fún ọmọ òun ní nǹkan jẹ. Ó fa ọ̀já lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó pọn ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó sì forí lé ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ìka ọmọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ibà ni. Ahunṣọ ní rárá, májèlé ni. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá omi kan wà tó dúró sójú kan nílé wọn. Ahunṣọ dìde. Ó ní kò sí ẹni tó lè bá omi òun wí, àràárọ̀ ni òun ń yẹ tanwíji inú rẹ̀ wò.

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. “Bàbá Àwẹ̀ró, tí tanwíji yín bá dàgbà, kí ni wọ́n ń dà?”

Ahunṣọ rò ó títí. Ó ní òun gbà pé bí wọ́n bá darúgbó, wọ́n á kú.

“Wọ́n ń hu ìyẹ́ ni, bàbá. Ẹ̀fọn ni wọ́n ń dà. Tí ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà ń ṣe, á gbé ibà náà sínú. Tó bá ṣe bí ọjọ́ mélòó kan, tó tún bu ẹlòmíràn jẹ, á fi sílẹ̀ lára onítọ̀hún. Ta ni ibà ti ṣe nítòsí yín?”

Ahunṣọ jókòó.

“Èmi ni mo sìn wọ́n,” ni ó wí.

“Ẹ kò mọ̀ ni. Oògùn rẹ̀ rèé. Tí ara rẹ̀ bá ti yá, ẹ má ṣe torí ìyẹn dá a dúró. Ẹ jẹ́ kó lò ó tán.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta tó ti ń lo oògùn nílé, Àwẹ̀ró dìde jókòó, ó ní ta ló jẹ àkàrà òun. Kò sẹ́ni tó ra àkàrà fún un lọ́sẹ̀ náà. Ahunṣọ bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n má baà rí omijé rẹ̀. Ó mú korobá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi kòtò dànù. Aládùúgbò yọjú lẹ́yìn pèrègún, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ahunṣọ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi májèlé pamọ́, kò fi olùṣọ́ pamọ́.

Aládùúgbò ṣì rù gan-an. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi tí n kò lè gbé abọ́ ògì ara mi, èmi ni mo fẹ́ gbé májèlé fo pèrègún?”

Ahunṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ gbọ́n omi náà tán, tí wọ́n dé kòtò pa.

Ìwọ náà, àbúrò mi. O sọ fún mi pé o ní ẹnì kan tó ń bá ọ ṣọ́ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ, ó sì ń mú un wá fún ọ. O ní ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀. Èmi kò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n bó bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ, ibo ló ń gbà lọ? Ìbínú tí o fi sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀, ta ló ń gbé e dé ọ̀hún? Bó bá wá ní ìrọ̀lẹ́ òní, má fún un ní àga. Dìde, kí o lọ rí ẹ̀gbọ́n rẹ fúnra rẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti béèrè rẹ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí. Ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni pé ṣé ara rẹ le.